7-iron tàbí driver: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù kọ́kọ́ mú?

Òfin gba igi (ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù) tí kò ju 14 lọ nínú àpò, àmọ́ driver, igi gígùn tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ló máa ń wọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lójú jù. Ó gùn tó íńṣì 45, ojú rẹ̀ (ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù) sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, bíi dígírì 9 sí 12. Bí ojú náà bá ṣí díẹ̀ báyìí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a á yà bàrá sọ́tùn-ún, ó di inú igbó.

7-iron, igi olórí irin pẹlẹbẹ tí kò gùn tó driver, ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Kò ju bí íńṣì 37 lọ, ojú rẹ̀ sì dagun sẹ́yìn tó dígírì 30. Ìdagun yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè. Fi bọ́ọ̀lù sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí igi kan bọ́ọ̀lù kó tó gé koríko. Bó bá kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ìwúwo ara rẹ ló ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún (bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń gbá a). Má sì bù ú sókè bí ẹni ń bu ọbẹ̀: orí bọ́ọ̀lù ni wàá gbá, á kàn máa yí nílẹ̀ ni.

Ti driver, orí tíì (èèkàn kékeré tí a ń gún mọ́lẹ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù lé) ni bọ́ọ̀lù ń wà, lọ́gangan gìgísẹ̀ òsì, kí ìdajì rẹ̀ yọ lókè orí igi.