Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin oní-Massey 135: kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kùn lọ́dà kì í ṣe tuntun

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi katakata Massey Ferguson 135 ro oko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) fún ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Ojú mi rí màbo.

Òjò àkọ́rọ̀ ti dé sí Ṣakí, gbogbo èèyàn ń wá katakata, tèmi wá ń yọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò lọ. Oníṣòwò kan l'Ékòó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ní odindi kílọ́ọ̀ṣì oní-pílétì méjì ni, pé ìlú òyìnbó ló ti wá, kò tíì wọ oko rí. ₦185,000, kí n san gbogbo ẹ̀ kó tó gbé e fún ọkọ̀. Mo san. Nígbà tó dé, ọ̀dà dúdú ara ẹ̀ ń kọ mọ̀nà.

Ẹ mọ̀ pé ti 135 kì í ṣe ohun téèyàn ń tú ṣeré. A ní láti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, kí katakata pín sí méjì. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọ̀gá mẹkáníìkì mi fi ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, òórùn ohun tó ń jó gba oko kan. A tún un tú, àfi bí awọ pílétì, èyí tó ń gbá irin mú, ṣe ṣí bí èèpo ẹ̀pà! Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin àlòkù, ihò ìṣó àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ojú irin tó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ti di búlúù níbi tí iná ti jó o, ó sì ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń mú wa nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà dé ìdajì, táyà nìkan ló ń dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, PTO (irin ẹ̀yìn tó ń yí ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ katakata) àti háídírọ́líìkì tó ń gbé irinṣẹ́ sókè náà á dúró. Pílétì méjì ló ń ṣe é, ọ̀kan nínú wọn sì há sínú irin tó bo kílọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀, ojú ò tó o láìtú u. Ẹ ní kí wọ́n tú u lójú yín, tàbí kí ẹ má rà á.

Nígbà tí mo pe oníṣòwò náà, ó ní àwa la ò sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa. Ohun tó sọ fún ẹnìkan ní Ìṣẹ́yìn náà nìyẹn. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, ìdí tó fi ń rí i jẹ nìyẹn: ó yẹ kí ọwọ́ irin mẹ́ta tí bearing kílọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà ga bákan náà, kí pẹ́dà sì lọ díẹ̀ lófo kó tó mú. Bí awọ bá ṣe ń jẹ ni òfo yẹn ń dín kù. Tó bá tán, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì jóná. Torí náà, ẹ wọn ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹ tó so katakata pọ̀. Èmi ò yà á.

Ẹ̀bi tèmi ni pé mi ò kọ́kọ́ wo pẹ́dà, bóyá sísẹ́ẹ̀tì lásán ló ń fẹ́. Mi ò sì wo ihò kékeré abẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì: bí ọ́ìlì bá ń kán níbẹ̀, tuntun gan-an á yọ̀. (Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú ẹ̀ o. Asbestos, èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú awọ àtijọ́.)

Ó ti bùlọ́ọ̀kì mi báyìí. Bí ẹ bá rí fọ́tò páálí pupa lórí bẹ́ǹṣì onígi, tí táyà ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn ẹ̀, òun náà ni.