Ibi ìfọkọ̀ kan ní Adìgbẹ tó mọ iyì ọ̀dà ọkọ̀

Ọkọ̀ dúdú ni mo ń wà, àwọ̀ dúdú kì í sì í bo àbùkù. Ní ọdún tó kọjá, ní ibi ìfọkọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin kan mú fóòmù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ táyà, ó sì fi fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Nígbà tí oòrùn ràn sí i lọ́jọ́ kejì, mo rí ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn káàkiri ojú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé kò sí omi tó lè fọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kúrò. Ọ̀dà tó mọ́ gaara tí ilé iṣẹ́ fi bo àwọ̀ ọkọ̀ lókè kì í sábà nípọn ju irun orí lọ, eruku òkúta tí a ní ní Abẹ́òkúta sì le jù ú lọ dáadáa, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí a fi ń nu ìdọ̀tí ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ ju ìdọ̀tí náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ibi ìfọkọ̀ kékeré tí mo ń lọ báyìí ní Adìgbẹ, wọn kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ títí omi páǹpù yóò fi ṣan erùpẹ̀ kúrò láti òrùlé wá sí ìsàlẹ̀. Garawa méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún fífọ ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ kí wọ́n tó tún tì í bọ inú ọṣẹ. Táyà ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọṣẹ ọkọ̀ gan-an ni wọ́n sì ń lò, wọn kì í da ọṣẹ ìfọṣọ sí i, èyí tó máa ń bó wáàsì (wax), ìyẹn ìda tí a fi ń ra ara ọkọ̀ láti dáàbò bo ọ̀dà rẹ̀, kúrò.

Wáàsì gan-an ló mú mi kọ èyí. Wọ́n wa ọkọ̀ sábẹ́ ìbòji, ọ̀gá wọn sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ó ti tutù. Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná, yóò gbẹ mọ́ ọn, yóò sì ṣòro láti nù.” Wáàsì carnauba ni, èyí tí wọ́n ń rí láti ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil. Wọ́n fi ra ara ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n dúró kí ó ṣú bí ìkùukùu, wọ́n sì fi aṣọ microfibre, aṣọ rírọ̀ tí òwú rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, nù ún. Nígbà tí òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta, omi ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń yọ̀ lọ. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó bọ́ sí i lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa kò sì jẹ ọ̀dà, nígbà tí mo tètè fi aṣọ tó tutù rẹ ẹ́ kí n tó nù ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, omi ṣì ń ṣù lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n lórí òrùlé tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, ó ti ń dín kù.

Mo ní ẹ̀dùn kan. Aṣọ ìnukọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi ni mo dá a dúró, ọ̀gá sì yára mú òmíràn wá, ó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ náà ti mọ̀ pé iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í tán pẹ̀lú gbígbọ̀n. Ní ti ceramic, ìyẹn èròjà olómi tí wọ́n ń fi bo ọ̀dà, tó sì máa ń le lórí rẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kí n má tíì ṣe é, nítorí pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ́líìṣì àwọn ìlà àtijọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó kàn tì wọ́n mọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni. Ó lè gba owó mi lọ́jọ́ náà, kò gbà á.

Ọjọ́ Sátidé máa ń kún níbẹ̀ gan-an, iṣẹ́ sì máa ń di ìkánjú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ, màá sì tún lọ fún wáàsì kí ọyẹ́ tó dé.