Slackline oní-ratchet àbí oníkọ́? Títú rẹ̀ ni kí ẹ fi yàn

Slackline ni bẹ́líìtì tí a ń so sáàárín igi méjì, tí a sì ń rìn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á fi bí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe ń le tó hàn yín. Bó ṣe ń tú ni kì í sọ. Bẹ́ẹ̀, ibi títú gan-an lewu.

Oní-ratchet ló pọ̀ jù lọ́jà: bẹ́líìtì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó gùn tó mítà 15, pẹ̀lú irin tó ń wé e, irú èyí táwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń de ẹrù. Síso rẹ̀ yá. Ẹ ki bẹ́líìtì bọ ihò irin, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fà á kó nà dáadáa, kí ẹ tó máa tẹ apá irin náà. Tí ẹ ò bá fà á tó, bẹ́líìtì á kún inú irin, á sì há. Kó wé lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta ti tó.

Títú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fa ahọ́n kékeré tó wà lára apá yẹn, ẹ ṣí apá náà títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, gbàà! Gbogbo agbára inú okùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àtàǹpàkò mi ti há sí i rí, èékánná rẹ̀ dúdú fún oṣù méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sí lórí okùn, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ìka sáàárín irin. Ọmọdé ò gbọdọ̀ tú u. Ẹ má sì fi páìpù mú apá irin gùn kí okùn lè le sí i. Ọwọ́ lásán ò ní lè ṣí i mọ́.

Agbára yẹn kì í ṣe kékeré o. Tí ẹni tó wọn 80 kìló bá dúró láàárín okùn mítà 15, tí okùn tẹ̀ wálẹ̀ ní ìdajì mítà, igi kọ̀ọ̀kan ń gba ìfà bíi 600 kìló. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi so ó mọ́ òpó iná tàbí ọgbà. Igi tútù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kápẹ́ẹ̀tì àlòkù lábẹ́ okùn kí èèpo má bàa bó, gíga orúnkún: ó tó.

Oníkọ́ wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun àpáta ní Amẹ́ríkà. Bẹ́líìtì sẹ̀ǹtímítà 2.5 ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ìkọ́ irin mẹ́ta, ìpele kan á tẹ èkejì mọ́lẹ̀ kó má yọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan, òógùn bò mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fa ìrù bẹ́líìtì jáde lábẹ́ ibi tó há sí. Ọwọ́ yín ló ń dẹ̀ ẹ́. Ìkọ́ tí wọn ò kọ iye agbára rẹ̀ sára, èyí tí a fi ń so kọ́kọ́rọ́ lásán nìyẹn, ẹ dá a padà.

Onípúlì náà wà, ti okùn gígùn ni. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ilé tí ọmọ wà, tí àgbà á máa tú u: oní-ratchet. Àgbà tó ní sùúrù: oníkọ́ ni mo fọwọ́ sí.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ na bẹ́líìtì náà sílẹ̀ láti orí dé ìdí. Oòrùn ń jẹ ẹ́. Èyí tó ti ya létí, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ẹ má san kọ́bọ̀ lé e.