Ṣọ́ọ̀bù ẹja inú díńgí kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́: ṣé wọ́n mọ akọ yàtọ̀ sí abo?

Tó bá jẹ́ guppy, ẹja kékeré kan báyìí, lẹ fẹ́ rà, ẹ lọ síbẹ̀. Wọ́n ya akọ àti abo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan mọ̀ ọ́n o. Lẹbẹ abẹ́ ikùn, lẹ́yìn ihò ìdí, ni kí ẹ wò. Ti akọ tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó, ó nà sẹ́yìn. Ti abo fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Abo tó dàgbà tún ní àmì dúdú nítòsí ihò ìdí, tó máa ń ṣókùnkùn sí i bí oyún bá ń dàgbà. Ẹni tó ń tajà bu ẹja sínú ife díńgí, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i títí lẹbẹ náà fi hàn kedere. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa tajà nìyẹn.

Akọ 1 sí abo 3 ni wọ́n ní ká rà, kí akọ má baà da abo láàmú. Ó tọ́. Àmọ́ wọn kì í sọ pé abo tó ti bá akọ gbé rí lè máa bímọ fún oṣù mélòó kan láìsí akọ, torí ó ń tọ́jú àtọ̀ sínú.

Ti goldfish ló kù díẹ̀ káàtó. "Akọ kan, abo kan" ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ kéékèèké ni wọ́n ń tà, kò sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin ni akọ ń yọ irorẹ́ funfun wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àti lára lẹbẹ iwájú. Tó bá tàn ká gbogbo ara, àìsàn ni o. Ẹ má fowó kún un nítorí "tọkọtaya".