Kásẹ́ẹ̀tì àti fọ́tò ìyá àgbà tí mo kó fún wọn ṣe: ohùn 5/5, ìwé 3/5

Ìyá àgbà wa lọ lẹ́ni ọdún 93. Bá a ṣe ń tú yàrá wọn la rí kásẹ́ẹ̀tì 4 nínú báàgì kan pẹ̀lú fọ́tò 112, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ fáwọn tó ń gbé nǹkan àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo ní kí wọ́n yọ ohùn jáde, kí wọ́n sì fi fọ́tò ṣe ìwé kan fún wa. Ẹrù ti dé, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ, torí ó dá mi lójú pé irú báàgì yẹn wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn.

Agbẹ̀bí ni màmá, orí alùpùpù ni wọ́n sì ti ṣe é, àwọn nìkan, tòru tọ̀sán, lójú ọ̀nà tí ọkùnrin gan-an ò fẹ́ gbà. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun, wọ́n padà, wọ́n tún lọ. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n kí wọ́n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, tá a bá ní màmá ẹ rọra o, wọ́n á ní ṣé omi máa ń béèrè ọjọ́ orí ni.

Mo ti kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú rídìó fúnra mi, ohùn wọn ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora, mo ti gbà pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi yí i sí iná, ó fi hàn mí: nǹkan múlọ́múlọ́ kékeré kan wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì, òun ló ń ti téèpù mọ́ irin tó ń kà á, gúlúù ẹ̀ ti gbẹ, ó ti já bọ́. Ó lẹ òmíràn mọ́ ọn, ohùn là kedere. Ìṣẹ́jú 45 ni ojú kọ̀ọ̀kan, kò sì sí àbùjá, àfi kó yí tán, wákàtí 6 gbáko fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Òun náà ló fi hàn mí pé ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì ní ike kékeré méjì, tẹ́ ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, rídìó ò ní gbà kí wọ́n gba nǹkan míì lé e lórí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá ni màmá ti ṣẹ́, àpá ọ̀bẹ ṣì wà lára ẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé a máa wá àwọn.

Nínú ìkejì, wọ́n ń sọ nípa òru tí afárá já, tí aboyún kan ń rọbí lódìkejì omi, ọlọ́kọ̀ lóun ò lè tukọ̀ lóru, ni wọ́n bá gbé alùpùpù sínú ọkọ̀, wọ́n gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní "mo gba àjẹ̀" yẹn, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn wọn.

Ìwé fọ́tò ló dùn mí. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n jẹ́ kó tún àwọ̀ ṣe fúnra ẹ̀, ó sọ màmá di pupa, màmá tó dúdú tó ń dán! Wọ́n tún gé táyà alùpùpù kúrò nínú fọ́tò tó ṣe pàtàkì jù. Mo bínú gan-an, àmọ́ wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀ lé e. Wọn ò sì skáànù ẹ̀yìn fọ́tò kankan àfìgbà tí mo béèrè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ni màmá kọ orúkọ èèyàn àti ọdún sí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé tojú tẹ̀yìn lẹ fẹ́, 600 dpi (ìwọ̀n bí skáànù ṣe máa mú fọ́tò mọ́ tó) tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fọ́tò kékeré di ńlá, kí wọ́n má sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, torí á fún un pọ̀, kò ní mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ gbà á sórí flash.

Ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n dá fún mi, ó di 7. Síbẹ̀ tó bá jẹ́ ti ohùn, màá tún kó o fún wọn lọ́la.

Ìparí kásẹ́ẹ̀tì kẹrin, ìtàn ti tán, màmá gbàgbé láti pa rídìó. Ọ̀gbẹ́ni yẹn bi mí bóyá kóun gé ibẹ̀ kúrò, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 11 ni: ilẹ̀kùn ń dún, ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n ń kùn orin sábẹ́ imú.