Fílítà ààbò lójú lẹ́ńsì 16-35mm: mo ń lò ó, mo sì ń yọ ọ́

Fílítà ààbò méjì ni mo ti lò lójú lẹ́ńsì 16-35mm mi, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 77. Fílítà ààbò ni gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń yí mọ́ iwájú lẹ́ńsì kí nǹkan má bàa bà á jẹ́. Olówó pọ́ọ́kú ni àkọ́kọ́, irin tó yí gíláàsì rẹ̀ ká sì ki. Èkejì wọ́n jù ú lọ dáadáa: irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì kọ "multi-coated" sí i lára, ìyẹn ni pé wọ́n fi ohun tó ń dín dídán gíláàsì kù bò ó ní ìpele-ìpele. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe wọ́n, torí irú méjèèjì kún ọjà.

Ká ní lẹ́ńsì 50mm, tí ohun tó ń rí kò fẹ̀ tó ti 16mm, ni mo fi olówó pọ́ọ́kú yẹn sí, bóyá ni ǹ bá rí àléébù irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 16mm lórí kámẹ́rà full-frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ibi tó ń gba àwòrán, tóbi tó ojú fíìmù 35mm), ohun tí lẹ́ńsì ń rí fẹ̀ tó dígírì 108 láti igun kan sí ìkejì. Irin tó bá fi díẹ̀ yọ síwájú, inú fọ́tò ló ń bọ̀ tààrà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dúdú bí ẹni fi èédú pa á. Bí mo bá sún lẹ́ńsì dé 20mm, á dín kù. Ní 24mm, kò sí mọ́. Ìgbà tí mo tún yí polarizer (fílítà mìíràn tó ń dín dídán omi àti gíláàsì kù) mọ́ ọn lórí ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Eléyìí tó fẹ́lẹ́ kò fa òkùnkùn sí igun kankan. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ iwájú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: àwọn kan fẹ́lẹ́ débi pé ọmọrí lẹ́ńsì kò ní rí ibi dì mú.

Ti ìmọ́lẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Gíláàsì lásán máa ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà lójú kọ̀ọ̀kan, ó sì lójú méjì. Multi-coated dín ìyẹn kù gan-an, àmọ́ kò pa á rẹ́. Mo ya títì kan lálẹ́, iná òpó wà lókè lápá ọ̀tún. Nígbà tí mo ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan dúró nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí kò sí òpó kankan. Mo yọ fílítà, mo tún un yà, iná ẹlẹ́ẹ̀kejì pòórá. Ti olówó pọ́ọ́kú burú jù bẹ́ẹ̀: bí oòrùn bá ti kọjú sí i, àwọ̀ á ṣá, dúdú ò ní dúdú mọ́.

Kí ni mo wá ń fi í ṣe? Etí òkun ni. Hood (ìbòòji tí à ń fi sí ẹnu lẹ́ńsì) irú lẹ́ńsì yìí kò jìn tó láti dènà ìka ọmọdé, áńbọ̀sì omi tó ń ta. Bí iyọ̀ bá gbẹ mọ́ fílítà, mo ń yọ ọ́, mo ń fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, mo ń nù ún. Mi ò jẹ́ dán ìyẹn wò lójú lẹ́ńsì fúnra rẹ̀. Àmọ́ ní f/16, nígbà tí ihò lẹ́ńsì bá kéré gan-an, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lórí fílítà lè hàn nínú fọ́tò.

Ti UV (ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí) tí wọ́n ń kọ sára páálí, ẹ gbójú fò ó. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà òde òní ti ní ohun tó ń dènà rẹ̀. Àwọn lẹ́ńsì kan, bíi 17-40mm f/4L ti Canon, nílò fílítà kí ààbò wọn lọ́wọ́ eruku àti omi tó pé. Ní ti pé ó ń gba lẹ́ńsì là bó bá já bọ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà: gíláàsì fílítà tín-ín-rín, àfọ́kù rẹ̀ sì lè ha ojú lẹ́ńsì.

Níwọ̀n bí mo ti ń yọ ọ́ lemọ́lemọ́, irin rẹ̀ ṣe pàtàkì. Alumíníọ̀mù máa ń há ju idẹ lọ. Bó bá há, ẹ má fi ìka méjì fún un pinpin, irin náà á wọ́, á tún há sí i. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká, kẹ́ ẹ fi gbogbo ìka dì í mú jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá yí i sápá òsì.