Táìlì ìloro tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀: yanrìn àti sìmẹ́ńtì ni, àbí gọ́ọ̀mù?

Bí èèyàn bá fẹ́ lẹ táìlì sí ìloro ilé àtijọ́, àwọ̀ táìlì ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ohun tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ di ti bíríkìlà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ń bá lọ. Ilé tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ terrazzo tàbí sìmẹ́ńtì dídán, tí ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ ń ṣí sínú, tí àyè abẹ́ ilẹ̀kùn náà ò sì ju nínípọn ìka kan lọ.

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò tẹ́ sílẹ̀ kì í lágbára tí kò bá nípọn tó íǹṣì kan, ìyẹn mílímítà 25. Ẹ wá fi mílímítà 8 sí 10 ti táìlì fúnra rẹ̀ kún un. Ó ti kọjá 30. Gọ́ọ̀mù, ìyẹn ìyẹ̀fun inú àpò tí wọ́n ń fi omi pò láti fi lẹ táìlì, ò ju mílímítà 3 sí 6 lọ ní tirẹ̀. Tòun ti táìlì, àròpọ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 15 lọ.

Yanrìn ni bíríkìlà lò ní ilé ẹbí wa n'Íbàdàn. Ó ní ká má ṣèyọnu, pé wẹ́dà á gé ìdí ilẹ̀kùn. Wẹ́dà gé e, ilẹ̀kùn sì ṣí. Àmọ́ ìgbà tí a bá tì í ni wàhálà: ojú ibi tí ilẹ̀kùn ń dúró sí, wọn ò gbé ibẹ̀ sókè, àlàfo abẹ́ rẹ̀ wá tóbi débi pé ọwọ́ ọmọdé ń gba ibẹ̀ kọjá. Òjò tó bá ti iwájú wá ń gba ibẹ̀ wọlé, eku náà rí ọ̀nà. Irin tí a fi ń há ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ ò dé ihò rẹ̀ mọ́, la bá tún pe wẹ́dà padà. Àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá ga ju àwọn yòókù lọ, àwọn àgbà ilé sì ń kọsẹ̀ níbẹ̀ títí dòní. Owó gọ́ọ̀mù tí a ní a ò ná, wẹ́dà gbà á, ó tún gba lé e.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé táìlì kan sílẹ̀, ẹ ká páálí sábẹ́ rẹ̀ kó nípọn bíi gọ́ọ̀mù, kí ẹ wá rọra ṣí ilẹ̀kùn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ máa sún táìlì náà kiri títí ilẹ̀kùn á fi ṣí tán, torí ilẹ̀ àtijọ́ lè tẹ́jú lẹ́nu ọ̀nà kó sì wú láàárín.

Wọ́n ń sọ pé gọ́ọ̀mù wọ́n. Fún odindi ilé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpò oní-kílò 20 máa ń bo nǹkan bíi sìkúwíà mítà 4 tó bá nípọn ní mílímítà 4. Ìloro tó jẹ́ mítà 2 sí mítà 1 àbọ̀, àpò kan ti tó o.

Ní ti dídìmú, ẹ kán omi sí ẹ̀yìn táìlì. Bó bá fa omi náà mu, gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ C1 sára àpò rẹ̀, ìyẹn irú tó wọ́pọ̀, lè tó. Bí omi bá jókòó sójú kan, vitrified ni, C2, èyí tó ń dì mú ju C1 lọ, ni kí ẹ rà; irú táìlì bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn fún sìmẹ́ńtì lásán láti dì mú, òun ló ń dún bí igbá òfìfo téèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ fọ òróró àti pólíìṣì kúrò lójú terrazzo, kí wọ́n sì ṣá a kó rí gbágungbàgun.

Wíwó ilẹ̀ àtijọ́ kúrò? Kò ní gíga kankan nínú, àmọ́ eruku àti ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìbi ẹni tó mọ̀ nípa dẹ́kìn.

Ká má ṣojúsàájú, yanrìn ní ibi tó ti dára: ilẹ̀ tó ti rì, tó ti là, tàbí tó dagun gan-an, gọ́ọ̀mù ò lè tún un ṣe. Bí ilẹ̀ yín bá le, tó sì tẹ́jú, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa gbé yanrìn wá sábẹ́ ilẹ̀kùn onírin.

Ẹ ṣáà dúró ti oníṣẹ́ náà. Àwọn kan máa ń já gọ́ọ̀mù ní kókó márùn-ún sẹ́yìn táìlì, wọ́n á sì lù ú mọ́lẹ̀. Irin eléyín ni kó fi fà á káàkiri. Nígbà tó bá ṣì tutù, ẹ ní kó ṣí táìlì kan sókè. Bí gọ́ọ̀mù ò bá kan gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kó tún un lẹ̀.